Apá tí Màmá Àgbà wà ńkọ́?

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Àgbà, pè mí lórí fóònù. Mo kí i, kò dáhùn dáadáa. Ó ní, "Ìwọ tó o ń kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn, bá mi bi wọ́n léèrè kí ni mo ṣe fún wọn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á. Láti 1981 sí 1984, Màmá Àgbà wà lára àwọn tó ń ṣeré nínú eré àtìgbàdégbà kan tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ kan máa ń gbé sáfẹ́fẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Òun ni ìyá aláta tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí kì í jẹ́ kí baálẹ̀ sinmi. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́ nígbà náà. "Ọmọ aláta" ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, mi ò sì bínú sí i rárá, torí orúkọ yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣáájú nídìí omi ẹ̀rọ. Nígbà tó di 1984, owó tí àwọn òṣèré ń gbà lórí apá kọ̀ọ̀kan dá dúró fún oṣù mélòó kan. Màmá Àgbà sọ ọ́ fún ọ̀gá ibẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó ká ìró rẹ̀, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn tó ń kọ eré náà fi mọ́tò pa ìyá aláta lọ́nà ọjà, eré sì ń bá a lọ títí di 1988.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni iléeṣẹ́ kan náà polówó pé eré àtijọ́ tí gbogbo ayé fẹ́ràn ti padà dé. Màmá Àgbà ti pé ẹni ọdún 78 báyìí. Ó ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, ó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Kàdúná àti Port Harcourt pé kí wọ́n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n lè rí ohun tí ìyá wọn àgbà ń ṣe nígbà tí ara ṣì le. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ dé. Baálẹ̀ tó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ti hu ewú, ìyàwó rẹ̀ kẹta ló ń bá a jà, ẹnì kan sì dárúkọ ìyá aláta gẹ́gẹ́ bí òkú. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn ọmọ ti padà síléèwé.

"Wọ́n ti pa mí lẹ́ẹ̀kan nínú eré," Màmá Àgbà wí fún mi, "wọ́n tún ń pa mí lẹ́ẹ̀kejì. Torí pé mo béèrè owó mi."

Kì í ṣe òun nìkan ni irú ìbéèrè yìí ń jẹ lọ́kàn. Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí náà ti bi mí rí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń san owó oṣù fún dẹ́kódà: kí ló dé tó jẹ́ ọ̀wọ́ kẹta sí ìkarùn-ún nìkan ni wọ́n ń gbé padà ṣáá, tí a kì í rí ti ìbẹ̀rẹ̀? (Ọ̀wọ́ ni mo ń pe ohun tí àwọn ọmọ yín ń pè ní síísìn.) Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé ọ̀lẹ ni àwọn iléeṣẹ́ náà, tàbí pé wọ́n ń fojú di wa. Ọ̀lẹ máa ń wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí ẹjọ́.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó jókòó pinnu pé apá báyìí ni a kò ní gbé mọ́. Apá náà ni kò sí mọ́. Ní àwọn ọdún 1960, téèpù tí wọ́n fi ń gba àwòrán sílẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì méjì, ó wúwo, ó sì wọ́n bí ojú. Ohun tó jẹ́ kí àwọn olùṣírò owó fẹ́ràn rẹ̀ ni pé a lè pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, ká tún gba nǹkan mìíràn sí i, bí ọmọdé ṣe ń nu síléètì. Wọ́n sì nù ún. Kò sí fídíò tí èèyàn lè rà lọ sílé nígbà náà. Ta ló máa ronú pé ẹnì kan á fẹ́ wo eré alẹ́ àná lẹ́yìn ogójì ọdún?

Ẹ wo BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré kan tó ń jẹ́ Doctor Who, ìtàn ọkùnrin àràmàǹdà kan tó ń wọ inú àpótí aláwọ̀ búlúù, tí àpótí náà á sì gbé e láti ìgbà kan bọ́ sí ìgbà mìíràn. Apá 253 ni wọ́n ṣe láàárín ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. BBC nu àwọn téèpù, wọ́n sì da ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀dà tó wà lórí fíìmù nù pẹ̀lú. Ọdún 1978 ni wọ́n tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó kó díẹ̀ yọ ni pé kí wọ́n tó nu téèpù, wọ́n ti ṣe ẹ̀dà sórí fíìmù láti tà fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ òkèèrè. Nàìjíríà wà lára àwọn tó rà á.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, BBC kéde pé wọ́n ti rí mẹ́sàn-án nínú àwọn apá tó sọnù. Níbo? Ní Jos. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Philip Morris, tó sọ wíwá fíìmù tó sọnù di iṣẹ́, ló rí wọn ní ibùdó kan tí wọ́n fi ń tàtaré ètò tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Apá ìtàn méjì ni wọ́n: The Enemy of the World àti The Web of Fear, tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì wò láàárín ìparí 1967 sí oṣù kẹta 1968, tí wọn kò sì tún rí lódindi láti ìgbà náà wá. Èyí àkọ́kọ́ wá pé pérépéré. Èkejì ku apá kẹta. Lẹ́yìn gbogbo ayọ̀ ọjọ́ yẹn, 97 ṣì sọnù. Ẹ ò rí i: ẹni tó ni nǹkan da tirẹ̀ nù, ẹni tó rà á lò ló bá a tọ́jú rẹ̀. Mo máa ń rò pé òtútù Jos wà lára ohun tó ràn án lọ́wọ́. Ká ní ẹ̀bá omi Warri ni wọ́n gbé e sí ni, ọ̀rinrin ì bá ti jẹ ẹ́ tán.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé eré yẹn padà láti ìbẹ̀rẹ̀ á rí àwòrán ìtàn mẹ́ta àkọ́kọ́ lódindi. Ìtàn kẹrin ni Marco Polo, apá méje ni, kò sì sí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù ní àwòrán. Kí ni iléeṣẹ́ fẹ́ sọ fún ẹni tó ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́? Ti ọdún 1970 síwájú ló pé, ibẹ̀ ló sì rọrùn jù láti ti bẹ̀rẹ̀. Eré apanilẹ́rìn-ín wọn kan, Dad's Army, náà rí bẹ́ẹ̀. Apá 80 ni, láti 1968 di 1977. Ọ̀wọ́ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ dúdú àti funfun. Wọ́n rí méjì he ní 2001 nínú apá márùn-ún tó sọnù, mẹ́ta kò padà wálé. Bí wọ́n bá ń gbé e padà, àwọn ọ̀wọ́ aláwọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé.

Ẹ má rò pé ìwà òmùgọ̀ lásán ni gbogbo nínù yẹn. Ẹgbẹ́ òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Equity, wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rù ń ba àwọn òṣèré pé bí iléeṣẹ́ bá lè máa gbé eré àná padà bó ṣe wù ú, kò ní sí iṣẹ́ fún àwọn lónìí. Wọ́n ṣe àdéhùn tó fi òté lé iye ìgbà tí a lè gbé eré kan padà; bí àsìkò rẹ̀ bá kọjá, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún lọ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ owó. Téèpù tí àdéhùn rẹ̀ ti tán wá di ẹrù lásán lójú ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ìkópamọ́. Mi ò lè dá àwọn òṣèré lẹ́bi. Ká ní Màmá Àgbà wà níbẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ nà sókè.

Ní Amẹ́ríkà, owó ló gba eré là. Lucille Ball àti ọkọ rẹ̀, Desi Arnaz, bẹ̀rẹ̀ I Love Lucy ní 1951. CBS tó fẹ́ gbé e fẹ́ kí wọ́n wá máa ṣe é ní New York, kó máa lọ sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tọkọtaya náà kọ̀. Wọ́n ní Hollywood làwọn ń gbé, fíìmù gidi làwọn sì máa fi gbà á. Owó fíìmù pọ̀, wọ́n wá gbà kí wọ́n dín owó iṣẹ́ àwọn kù, bí fíìmù náà bá máa jẹ́ ti àwọn. CBS kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n gbà. Nígbà tí Lucille lóyún, tí kò lè ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n fi àwọn apá tó ti kọjá dí àlàfo, àwọn èèyàn sì tún jókòó wò ó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, CBS yìí kan náà ló fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ra àwọn fíìmù náà lọ́wọ́ wọn.

Láti irú ìgbà yẹn ni òfin kan tí a kò kọ sílẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wọn, pé eré tí apá rẹ̀ kò bá tó 100 ṣòro láti tà fún àtúngbé. Ìdí rẹ̀ ni pé ojoojúmọ́, láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ni àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké máa ń gbé e. Eré tó ní apá 20 péré á tán láàárín oṣù kan, ẹni tó rà á á sì tún máa wá òmíràn kiri. Star Trek tó parí ní 1969 ní 79, ó sì yege, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Bewitched, eré ìyàwó ilé tó jẹ́ àjẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ọ̀wọ́ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ dúdú àti funfun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀wọ́ kẹta ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ní àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ á yí ìkànnì padà. Ṣé ẹ wá rò pé òfin nìyẹn? The Andy Griffith Show ní apá 249. Ọ̀wọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ kò ní àwọ̀, mẹ́ta tó tẹ̀lé e ní in. Ti àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń béèrè títí di òní, torí pé inú wọn ni Don Knotts wà, igbákejì ọlọ́pàá tó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tó sì lọ lẹ́yìn ọ̀wọ́ karùn-ún. Àwọ̀ dé, ẹ̀rín lọ.

Orin ni èyí tó yà mí lẹ́nu jù. WKRP in Cincinnati, láti 1978 sí 1982, jẹ́ eré nípa iléeṣẹ́ rédíò kan, nítorí náà wọ́n máa ń lo rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn gbajúmọ̀ olórin nínú rẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n gbà láti lo àwọn orin náà ní iye ọdún. Nígbà tí ọdún pé, àwọn tó ni orin béèrè owó gọbọi. Àwọn tó ni eré wá yọ orin kúrò, wọ́n fi ìlù tí kò lórúkọ rọ́pò rẹ̀. Níbi tí òṣèré bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí orin, wọ́n ní láti wá ẹni tí ohùn rẹ̀ jọ ti òṣèré náà láti tún ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sọ! Ẹni tó bá rántí eré náà ní 1980, tó wá wo ti àtúngbé, á rò pé iyè òun ti ń ra ni.

Ẹ fi ìyẹn wé tiwa. Ta ló béèrè àṣẹ lọ́wọ́ olórin nígbà tí wọ́n ń fi orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n ní 1979? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí a ṣe ní 1988 àti Òfin ti 2022 tó rọ́pò rẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gbé irú eré bẹ́ẹ̀ lónìí ní láti wá ẹbí olórin rí, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń rò pé kí àwọn kúkú gbé òmíràn.

Nígbà mìíràn pẹ̀lú, ìwà ẹnì kan ló ń gbá eré mọ́lẹ̀. The Cosby Show tí gbogbo ìdílé fẹ́ràn di ohun tí àwọn ìkànnì Amẹ́ríkà ń yọ kúrò láti 2014, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin jáde wá fẹ̀sùn kan Bill Cosby. Àwọn yòókù nínú eré náà, tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀, pàdánù owó àtúngbé tiwọn pẹ̀lú.

Nílé wa ńkọ́? Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, a sì ti ní eré tó pọ̀ láti ìgbà náà. Èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè jùmọ̀ wò ni Village Headmaster tí Olóyè Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, láti 1968 títí di 1988. Ọ̀gá iléèwé mẹ́ta ló jẹ níbẹ̀: Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson àti Justus Esiri. Bí bàbá yín àti ẹ̀gbọ́n yín bá ń jiyàn lórí irú ojú tí Headmaster ní, ẹ má bá wọn dá sí i. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì tọ̀nà. Ogún ọdún! Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ti lè wà ní yunifásítì ní ọdún tó parí. Eré tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré kan ṣoṣo mọ́.

Láti ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa wá owó fúnra wọn, ọ̀nà yí padà pátápátá. Ẹni tó ṣe eré ló ń san owó fún àsìkò tí wọ́n fi ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Òun ló ń wá onígbọ̀wọ́, òun ló ń ra téèpù, òun náà ló sì ń gbé téèpù lọ sílé rẹ̀ nígbà tí ètò bá parí. Ó dára, ó tún burú. Ó dára torí pé téèpù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì olówó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ nù ún. Ó burú torí pé iléeṣẹ́ kò ní nǹkan kan tó lè gbé padà láìjẹ́ pé ó lọ bẹ ẹni yẹn, tí ẹni náà bá sì kú, ọmọ mẹ́rin lè wà tí ẹnu wọn kò kò. Wálé Adénúgà tó ni Papa Ajasco àti Superstory bọ́ nínú wàhálà yìí. Ó dá ìkànnì tirẹ̀ sílẹ̀, ó lè gbé èyí tó bá wù ú ní ọjọ́ tó bá wù ú. Superstory tiẹ̀ rọrùn ju àwọn eré mìíràn lọ fún àtúngbé, nítorí pé ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀. A lè mú ọ̀kan, ká fi ọ̀kan sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa béèrè ibi tí ìyá aláta wà.

Èyí gbé mi padà sọ́dọ̀ Màmá Àgbà. Mo lọ sí iléeṣẹ́ náà fúnra mi. Ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá téèpù níbẹ̀ kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó gbé ìwé ńlá kan wá, èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ téèpù sí láti ayébáyé. Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. Wọ́n kọ orúkọ eré náà síbẹ̀ pẹ̀lú ọdún 1982, wọ́n fi bírò pupa fà á lé, wọ́n kọ ìbẹ̀wò gómìnà sórí rẹ̀. Ìlà tó tẹ̀lé e, bákan náà: eré, ìlà pupa, ìdíje bọ́ọ̀lù. A ṣí ojú ewé mẹ́rin, ìlà pupa ló kún ibẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó wí. "Ẹ rántí pé ní oṣù kẹrin 1982 ni Ṣàgàrí fún ọjà òkèèrè lọ́rùn. Téèpù kò wọlé mọ́. Ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ là ń yí po, bí abọ́ ilé ìyàwó tuntun."

Àwọn apá tí wọ́n ń gbé báyìí ńkọ́? Ó ní ọkùnrin tó ṣe baálẹ̀ ló gba eré náà ṣe fúnra rẹ̀ láti 1986. Ó ń san owó àsìkò, ó ń fi téèpù tirẹ̀ gbà á, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú pákó kan nílé. Ó ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló tà á fún iléeṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ohun tí iléeṣẹ́ ní kò ju èyí lọ, 1986 sí 1988.

Mo bi í bóyá wọ́n san nǹkan kan fún àwọn òṣèré yòókù lórí àtúngbé yìí. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í nípa owó 1984. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kò sí fáìlì. Lójú tèmi, owó yẹn ṣì wà lọ́rùn wọn, bí téèpù tilẹ̀ nù.

Kí n tó parí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò nílé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí. Bí èèyàn bá gba ètò tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló kù lọ́wọ́ ẹni. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun lórí téèpù náà bíi ti búrẹ́dì tó ti bu, ẹ má tì í sínú ẹ̀rọ rárá, á ba ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ náà á sì já a. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e fún kó nù ún. Ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́ bí ìwé, jìnnà sí oòrùn àti ògiri tó ń ṣomi. Àwọn tó ń gbé fídíò àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíràn. Ẹ má sì ju kásẹ́ẹ̀tì náà nù lẹ́yìn náà.

Kásẹ́ẹ̀tì ohùn lásán náà wúlò. Àwọn apá Doctor Who 97 yẹn, ohùn gbogbo wọn ló wà. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré náà ní àwọn ọdún 1960 ló gbà á sílẹ̀ nínú pálọ̀ bàbá wọn, àwọn kan gbé máíkì síwájú tẹlifíṣọ̀n, ìyá wọn sì ń kígbe pé kí wọ́n wá jẹun. BBC ti ya àwòrán eré ọmọdé sí díẹ̀ nínú ohùn wọ̀nyẹn, wọ́n sì ń tà á.

Mo sọ èyí fún Màmá Àgbà nígbà tí mo lọ jábọ̀ fún un. Ọmọ rẹ̀ àgbà wà níbẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ló bá ní, "Ẹ dúró ná. Bàbá máa ń ṣiṣẹ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì."

Bàbá, ọkọ Màmá Àgbà, kì í sí nílé nígbà tí eré bá ń lọ, kò sì fẹ́ kó kọjá òun. Ọmọ yìí ló máa ń gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí Bàbá lè gbọ́ ọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. A tú páálí mẹ́ta lórí àjà. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la rí tó ṣì ń sọ̀rọ̀, wọ́n kọ "Ẹtì, ti Màmá" sí i lára. Orin ìjọ ló wà lójú kejì.

A pe àwọn ọmọ-ọmọ ní Kàdúná àti Port Harcourt, a gbé fóònù ti rédíò. Ọmọ ọwọ́ kan kọ́kọ́ ń sunkún, ẹnì kan ń fọ abọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá aláta jáde, ó ń bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ ọjà, ó gbóná, kò sì fún un láyè mí. Màmá Àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó ṣe, ó na ìka sókè.

"Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa," ó wí. "Ibí yìí ni mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ mi. Ẹ máa gbọ́ bí baálẹ̀ ṣe gbà mí sílẹ̀."

Gbogbo wa dákẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà dákẹ́ díẹ̀, baálẹ̀ sì húkọ́.